Ìpele Àárín Nínú Ẹ̀kọ́ Èdè Ṣáínà ní Yunifásítì: Ibi tí Ọ̀pọ̀ ti ń Padà Sẹ́yìn

Ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ èdè Ṣáínà a máa dùn bí oyin. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, á lè ka òǹkà láti ení dé ẹgbẹ̀rún, á lè ra omi àti búrẹ́dì láìwá ògbufọ̀, á sì lè fi àmì ìkọ̀wé wọn kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lórí fóònù, gbogbo ẹbí ni yóò máa yọ̀ pé ọmọ àwọn ti gbọ́ èdè Ṣáínà tán. Ṣùgbọ́n bí ọdún kejì bá wọlé, nǹkan a yí padà. Ìwé á nípọn sí i, olùkọ́ kò ní í rọra sọ̀rọ̀ mọ́, gbólóhùn á gùn débi pé ènìyàn á gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ á wá rí i pé ẹnu ọ̀nà ni òun ṣì dúró sí. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà Ṣáínà ní ìpele àárín, bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní yunifásítì. A ó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ó mú kí ó le, àti ohun tí ọmọ Yorùbá gbé láti ilé tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Nítorí òtítọ́ kan wà tí a kì í sábà sọ, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò bẹ̀rẹ̀ èdè Ṣáínà lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá mọ ohun tí ó ní, yóò lò ó láti la ìpele àárín kọjá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀nà òyìnbó ni yóò máa gbà wá ohun tí ó ti wà nínú àpò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ni à ń pè ní ìpele àárín?

Èdè tí à ń wí ni Pǔtōnghuà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Mandarin. Òun ni èdè àjùmọ̀lò ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ ní Beijing ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn òye àjèjì nínú èdè náà ni HSK. Nígbà tí wọ́n tún un tò ní ọdún 2010, ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín in sí. Ọ̀rọ̀ 150 ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò fún ìpele kìíní, 300 fún ìkejì, 600 fún ìkẹta, 1,200 fún ìkẹrin, 2,500 fún ìkarùn-ún, àti 5,000 fún ìkẹfà. Ẹ kíyè sí i pé ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iye ọ̀rọ̀ ń di ìlọ́po méjì ti ìṣáájú tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2021, òṣùwọ̀n mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣáínà, èyí tí ó ní ipò mẹ́ta, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òkè, pẹ̀lú ìpele mẹ́sàn-án lápapọ̀. Nínú òṣùwọ̀n yìí, ẹni tí ó bá parí ipò ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ 2,245 àti hànzì 900. Hànzì ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe àmì ìkọ̀wé wọn. Ẹni tí ó bá parí ipò àárín, tí í ṣe ìpele kẹrin dé ìkẹfà, gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ 5,456 àti hànzì 1,800. Ní ipò òkè, ọ̀rọ̀ á di 11,092, hànzì á sì di 3,000. Òṣùwọ̀n méjèèjì yìí kò dọ́gba, nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun wà ní ìpele kẹrin, ó yẹ kí a bi í pé nínú èwo.

Ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ó ya ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1958 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Ṣáínà fọwọ́ sí pīnyīn, ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo lẹ́tà irú èyí tí à ń lò láti kọ ìró èdè wọn sílẹ̀. Zhou Youguang, tí ó kú ní ọdún 2017 lẹ́ni ọdún 111, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Pīnyīn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dì mú ní ọdún àkọ́kọ́. Nínú ìdánwò HSK tí ọdún 2010, wọ́n ń kọ pīnyīn mọ́ hànzì ní ìpele kìíní àti ìkejì. Láti ìpele kẹta lọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ hànzì sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá fi ọwọ́ ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn sílẹ̀.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ilẹ̀ òkèèrè ṣírò rẹ̀ pé ẹni tí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí rẹ̀ nílò nǹkan bí wákàtí 2,200 nínú kíláàsì kí ó tó lè fi èdè Ṣáínà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gba wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15 nínú sáà kan, sáà méjì lọ́dún, wákàtí 120 péré ni yóò ní lọ́dún kan. Bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé kíláàsì nìkan, yóò lo ọdún 18 àti díẹ̀ kó tó kó 2,200 jọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò ní iṣẹ́ àṣetiléwá ojoojúmọ́ kò fi ní kọjá ìbẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Ohùn: ibi tí a ti lágbára, àti ibi tí ó ti lè tàn wá jẹ

Èdè Ṣáínà ní ohùn mẹ́rin. Mā ni ìyá, má ni irúgbìn tí wọ́n ń fi fọ́nrán rẹ̀ hun aṣọ, mǎ ni ẹṣin, mà ni kí a bú ènìyàn. Èyí tí kò lámì, ma, ni wọ́n ń fi sí ìparí gbólóhùn láti béèrè ọ̀rọ̀, bí àwa ti ń lo “ṣé” ní ìbẹ̀rẹ̀. Òyìnbó tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí a máa rò pé eré ni. Ọmọ Yorùbá kò ní í rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ láti kékeré pé ẹni tí ó ń kọ́, ẹni tí ó ń kọ, àti ẹni tí ó ń kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Síbẹ̀, pàkúté wà. Àmì tí àwọn ń lò jọ tiwa, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Àmì òkè tiwa ń sọ fún wa pé kí ohùn wà lókè gbọnrangandan. Àmì yẹn kan náà nínú pīnyīn ń sọ pé kí ohùn gbéra láti àárín, kí ó gòkè. Àmì ìsàlẹ̀ tiwa ń gbé ohùn sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú pīnyīn, ohùn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè kí ó tó já wálẹ̀. Ohùn tí ó wà lókè gbọnrangandan nínú tiwọn, ìlà gbọọrọ ni wọ́n fà lé e lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi ojú Yorùbá ka pīnyīn yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ pè láìmọ̀, ọdún kejì sì ni àṣìṣe náà máa ń hàn, nígbà tí gbólóhùn bá gùn.

Ìwòsàn rẹ̀ náà wà nínú Yorùbá. Ẹ pe “ìwé” kí ẹ sì tẹ́tí sí “wé” ìparí rẹ̀: nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú rẹ̀, ńṣe ni ó ń gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kejì ti Ṣáínà rí. Ẹ pe “kíkà” kí ẹ sì tẹ́tí sí “kà”: láti òkè ni ó ti já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kẹrin. Etí wa ti mọ ìró méjèèjì; a kò kàn tíì fún wọn lórúkọ ni.

Ní ìpele àárín, akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ mọ bí ohùn ṣe ń yí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ohùn kẹta méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, èkínní a di ohùn kejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ nǐ hǎo ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pè é ní ní hǎo. Bù, tí ó túmọ̀ sí “kò”, a di bú bí ohùn kẹrin bá tẹ̀ lé e. Èyí náà kò ṣàjèjì sí wa: a ń sọ pé “mo kà á” ṣùgbọ́n a ń sọ pé “mo ka ìwé”, kò sì sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wa.

Ní ti kọ́ńsónáǹtì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún p. P inú pīnyīn kì í ṣe p inú “pápá”. Ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é, pẹ̀lú èémí tí ó jáde ṣinṣin. Ẹni tí kò bá fi èémí sí i lè fẹ́ sọ pé òun ń sáré, pǎo, kí ó sì sọ pé òun yó, bǎo. Bákan náà, n ìparí ọ̀rọ̀ tiwa, bí ó ti wà nínú “ọkàn”, imú ló ń gbà jáde láìjẹ́ pé ahọ́n kan ibì kankan. Nínú èdè Ṣáínà, ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu nínú xīn, tí í ṣe ọkàn, ẹ̀yìn ọ̀fun sì ni xīng, tí í ṣe ìràwọ̀, ń parí sí. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì bákan náà yóò rú olùgbọ́ lójú.

Gbólóhùn: aládùúgbò tí a kò mọ̀ pé a ní

Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ṣáínà kì í yí padà. Qù ni “lọ”, ì báà ṣe àná, ì báà ṣe ọ̀la. Tā ni wọ́n ń fi ẹnu pè fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń lo “ó”. Nínú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń fi hànzì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ọ́. Wọ́n ń to ọ̀rọ̀-ìṣe lé ara wọn láìsí ọ̀rọ̀ kankan láàárín, bí àwa ti ń ṣe é. Chī wán ni “jẹ tán”. Chī bǎo ni “jẹ yó”. Zuò wán ni “ṣe tán”. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yúróòpù a máa lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí èdè wọn kò ní i. Ọmọ Yorùbá tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó yé e ti fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀, ó gba ọ̀nà jíjìn.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan tuntun ni ìyísódì rẹ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, àwa a ní “n kò lè jẹ ẹ́ tán”. Àwọn a ki “kò” bọ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì: chī bu wán, bí ẹni pé a ní “jẹ-kò-tán”. Ohun kan náà ni tīng bu dǒng, “gbọ́ ṣùgbọ́n kò yé mi”, gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìpele àárín yóò lò ju gbogbo èyí tí ó kù lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí ń jẹ́ le. Àwọn ìwé kan ń kọ́ni bí ẹni pé ohun tí ó ti kọjá nìkan ni ó ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Xià yǔ le kò sọ pé òjò rọ̀ lánàá; ó ń sọ pé òjò ti ń rọ̀ báyìí, ó yàtọ̀ sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ “ti” nínú Yorùbá yóò tètè lóye le, bí wọn kò tilẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo.

Òkè gíga tí ó wà níwájú wa ni bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ. Nínú Yorùbá, orúkọ ló ń ṣíwájú, àlàyé a tẹ̀ lé e: “ìwé tí olùkọ́ wa rà lánàá ní Beijing”. Nínú èdè Ṣáínà, gbogbo àlàyé ni yóò kọ́kọ́ wá, ìwé yóò sì gbẹ̀yìn: wǒmen lǎoshī zuótiān zài Běijīng mǎi de shū. Bí a bá tò ó bí wọ́n ti tò ó, yóò dà bí “àwa olùkọ́ àná ní Beijing rà tí ìwé”. Ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, àlàyé náà kì í ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ní ìpele àárín, ó lè gba ìlà méjì. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá de, kí ó wo orúkọ tí ó tẹ̀ lé e, kí ó tó padà lọ ka ohun tí ó ṣíwájú.

Kí ó sì má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkà. A kò lè sọ pé “ìwé mẹ́ta” lásán. Sān běn shū ni, běn sì ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ìwé lọ. Zhāng ni ti bébà àti tábìlì, tiáo ni ti ohun gbọọrọ bí ẹja, odò àti ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ èyí tí ó bá a rìn.

Hànzì: ibi tí ó ti ń le jù

Bí ohùn àti gbólóhùn bá rọ ọmọ Yorùbá lọ́rùn díẹ̀, hànzì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwòrán ni wọ́n. Díẹ̀ ni ó jẹ́ àwòrán. Èyí tí ó pọ̀ jù ní apá méjì: ọ̀kan ń tọ́ka sí ìtumọ̀, ìkejì ń tọ́ka sí ìró. 妈, mā, tí í ṣe ìyá, ní obìnrin lápá òsì àti ẹṣin lápá ọ̀tún. Ẹṣin kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ ju pé kí ó sọ fún wa pé ma ni ìró rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó mọ hànzì ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ti mọ ẹgbẹ̀rún ni ó máa ń là lójú, nítorí ìgbà náà ni yóò rí i pé wọ́n ní ìdílé. 清 ni kí omi mọ́, ó sì ní omi lára; 晴 ni kí ojú ọjọ́ mọ́, ó ní oòrùn lára; 情 ni ìmọ̀lára, ó ní ọkàn lára; 请 ni “ẹ jọ̀wọ́”, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lára. Apá ọ̀tún gbogbo wọn ni 青, ìró gbogbo wọn sì jẹ́ qing, ohùn nìkan ló yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ni ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Xu Shen ti to hànzì sábẹ́ orí 540. Ìwé atúmọ̀ èdè ìgbà ọba Kangxi, tí ó jáde ní ọdún 1716, to tirẹ̀ sábẹ́ orí 214.

Òṣùwọ̀n ọdún 2021 fi ọgbọ́n ya kíkà àti kíkọ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó parí ipò àárín gbọ́dọ̀ dá hànzì 1,800 mọ̀ bí ó bá rí wọn, ṣùgbọ́n 700 ni ó gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kọ. Fóònù ló fa èyí. Lórí fóònù, pīnyīn ni ènìyàn ń tẹ̀, a ó sì mú hànzì tí a fẹ́ nínú èyí tí ó bá yọjú. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ní orúkọ fún àrùn tí ó ti ibẹ̀ wá: tí bǐ wàng zì, kí ènìyàn mú kálàmù kí ó sì gbàgbé ohun tí yóò kọ. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì kò fi tíì fi tīngxiě sílẹ̀. Tīngxiě ni àpèkọ, irú èyí tí àwọn àgbà wa ṣe nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á pe ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń sá fún un ní ọdún kejì kò ní lè ka ìwé ìròyìn ní ọdún kẹta.

Kí a tún fi kún un pé ìlú Ṣáínà ti ń lo hànzì tí wọ́n dín ẹsẹ̀ rẹ̀ kù láti ọdún 1956. Ní Taiwan àti Hong Kong, ti àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí kí ó tó yan ibi tí yóò lọ.

Àṣà kì í ṣe àfikún

Ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń pè ní àṣà ni kí a jẹ oúnjẹ wọn, kí a wọ aṣọ wọn, kí a ya fọ́tò. Ní ìpele àárín, àṣà ti wọ inú èdè. Gēge ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, jiějie ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, dìdi ni àbúrò ọkùnrin, mèimei ni àbúrò obìnrin. Àwọn fi ti akọ àti abo kún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni àwa àti àwọn jọ fi ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ pín ìbátan wẹ́wẹ́ jù wá lọ: bóbo ni ẹ̀gbọ́n bàbá, shūshu ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, gūgu ni arábìnrin bàbá, jiùjiu sì ni arákùnrin ìyá. Nín ni wọ́n ń lò fún àgbà níbi tí wọ́n ti ń lo nǐ fún ẹgbẹ́, bí àwa ti ní “ẹ” àti “o”. A kì í pe olùkọ́ lórúkọ lásán. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni yóò ṣíwájú, lǎoshī yóò sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílé Yorùbá ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra tún wà. Wọn kì í fi aago ògiri ta ènìyàn lọ́rẹ, nítorí sòng zhōng, “fún ni ní aago”, ní ìró kan náà pẹ̀lú kí a máa sin ẹni tí ó ń kú lọ. Wọ́n ń yẹra fún òǹkà mẹ́rin, sì, nítorí ó fara jọ sǐ, ikú. Ẹja kì í wọ́n lórí tábìlì ọdún tuntun wọn, nítorí yú ni ẹja, yú náà sì ni àjẹṣẹ́kù. Òyìnbó lè pe èyí ní ìgbàgbọ́ asán. Àwa tí a ń fi orógbó wúre pé kí ọmọ gbó, tí a ń fi obì wúre pé kí ó bi ikú, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní agbára tí ó ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọdún wọn náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Chūnjié, ọdún ìgbà ìrúwé, ni ọdún tuntun wọn, àárín 21 oṣù kìíní sí 20 oṣù kejì ni ó máa ń bọ́ sí. UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá ọmọ aráyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Qīngmíng, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ni wọ́n ń lọ gbá ojú oórì àwọn baba ńlá wọn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn ni Zhōngqiū, tí ẹbí ń péjọ wo òṣùpá.

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àwọn náà sì ní tiwọn. Chéngyǔ ni orúkọ àkànlò èdè wọn, hànzì mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ní, ìtàn sì ni ó wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà lè mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀kan tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni bàn tú ér fèi, kí ènìyàn pa iṣẹ́ tì ní agbedeméjì ọ̀nà. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn ni ti Yuè Yángzǐ, tí ó wà nínú ìwé ìtàn ìran Hàn ti ìkẹyìn. Ọkùnrin yìí lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà jíjìn, ó sì padà wálé lẹ́yìn ọdún kan. Ìyàwó rẹ̀ bi í ohun tí ó dá a padà. Ó ní àárò ilé ló ń sọ òun. Ìyàwó mú ọ̀bẹ, ó lọ sídìí òfì tí ó ti ń hun aṣọ, ó sì ṣàlàyé fún un pé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni ó ń para pọ̀ di aṣọ, àti pé bí òun bá gé e báyìí, gbogbo làálàá àtẹ̀yìnwá di òfo. Ọkọ gbọ́, ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sì wálé mọ́ fún ọdún méje. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ahunṣọ òfì rí ní Ìsẹ́yìn yóò mọ ohun tí obìnrin náà ń sọ.

Ibi tí a ti lè kọ́ ọ

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius wà ní Yunifásítì Èkó, èyí tí Beijing Institute of Technology jẹ́ alábàáṣe rẹ̀. Òmíràn wà ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka, pẹ̀lú Yunifásítì Xiamen. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, Beijing Language and Culture University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 fún kíkọ́ àwọn àjèjì, ni ó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Kíláàsì ìpele àárín níbẹ̀ àti ní irú àwọn yunifásítì bẹ́ẹ̀ a máa ní ẹ̀kọ́ àpapọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ, ìgbọ́ràn, ìwé kíkà àti àròkọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣègùn. Bí ó bá jẹ́ èdè Ṣáínà ni wọn yóò fi kọ́ wọn, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ èdè ṣáájú, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń béèrè ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún HSK. Èsì HSK tí wọ́n bá fi wá ààyè sí yunifásítì, ọdún méjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá dá dúró ní ìpele àárín fún ọdún mẹ́ta lè padà wá rí i pé ìwé-ẹ̀rí òun ti kú, èdè náà sì ti ń kú lọ.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wa

Nàìjíríà àti Ṣáínà ti ní àjọṣe ìjọba láti ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1971. Ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ni ó ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ China Harbour ni ó kọ́ èbúté Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwọn oníṣòwò wa ń lọ sí Guangzhou, níbi tí ọjà àfihàn ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957 ti ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ ìṣirò nájà: olùtajà á tẹ iye, olùrajà á tẹ tirẹ̀. Òwò ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò nájà kò lè gbọ́ ohun tí olùtajà ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ níṣojú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni ìpele ìbẹ̀rẹ̀ lè kí olùtajà. Ẹni ìpele àárín lè bá a jiyàn lórí ọjọ́ tí ọjà yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí, lè rí ibi tí ìwé àdéhùn ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ. Kò ní lè ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ nílé ẹjọ́, kò sì ní gbọ́ Cantonese tí àwọn àgbà Guangzhou ń sọ láàárín ara wọn, nítorí èdè ọ̀tọ̀ ni ìyẹn ní etí. Ṣùgbọ́n wọn kò ní lè tà á kí wọ́n tún rà á padà níwájú ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe béèrè mọ́ pé “ṣé o ti gbọ́ èdè Ṣáínà?” Ẹ gbé bébà kan fún un tí kò ní pīnyīn lórí, kí ó ka ìlà mẹ́wàá, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún yín. Bí ó bá sọ ọ́ ní Yorùbá láìkọ́kọ́ gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ má ṣe dá a padà sílé. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí òfì.